Ọwọ́ Mẹ́rin Láti Ara Páìpù Omi

Ìwé tí wolé-wolé fi lé mi lọ́wọ́ kò gùn. Ó ní kí n fi fáànù tó ń fa èéfín sí ara ògiri ilé ìdáná mi láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí èéfín máa gba ibẹ̀ jáde síta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun máa ti ibẹ̀ pa. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni wolé-wolé náà. Ó pè mí ní Mà bí ìgbà mẹ́fà kó tó ka ohun tó fẹ́ ba ayé mi jẹ́ sí mi létí. Àwọn tó ń gbé lókè ilé ìdáná mi ló lọ fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní àlùbọ́sà tí mo ń dín ń bá àwọn sùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mi ò lè bá wọn jiyàn. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ilé ìdáná mi wà, nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́rin. Bí àtẹ̀gùn ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni òrùlé rẹ̀ náà ń sọ̀kalẹ̀, tó fi jẹ́ pé mo lè nàró nídìí sítóòfù, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ mú iyọ̀, mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò ní fèrèsé. Ògiri ẹ̀yìn nìkan ló kan ìta, ògiri àtijọ́ tó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, páìpù irin tó ń gbé omi wọ gbogbo ilé sì là á já láti ìta wọ inú. Ibẹ̀ ni mo ti ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aránṣọ tó wà lódìkejì títì, abọ́ méjìlélógójì lójúmọ́. Láti oṣù mọ́kànlá tí ọkọ mi ti ṣàìsàn, òun là ń jẹ, òun náà la fi ń ra oògùn.

Ọwọ́-ni-Tépù ni wọ́n ń pe ọkọ mi. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ fáànù àti páìpù afẹ́fẹ́, kò sì gbé tépù dání rí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń wọn nǹkan. Bó bá nà án dáadáa, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín jẹ́ íǹṣì mẹ́sàn-án géérégé. Àwọn tó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ máa ń fi tépù tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á tún un wọ̀n, wọ́n á sì ká tépù wọn pa dà. Ọkọ mi á ní, "Tépù lè sọnù. Ẹ ò lè bá mi níbi tí mo ti ń wá ọwọ́ mi."

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún, níbi tó ti ń wọ bàtà. Ó yè é. Ẹsẹ̀ padà díẹ̀, ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, ọwọ́ náà padà, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ ká kò, wọn ò nà tán mọ́. Láti ìgbà náà ló ti jókòó sórí àga kan ní pálọ̀ tó ń wo ògiri, èmi sì ń parọ́ fún un. Mo ní ẹnu rẹ̀ kò wọ́, bẹ́ẹ̀ ó wọ́. Mo ní ìrìn rẹ̀ ti dára ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ ibi tó wà ló ṣì wà. Mo ní àwọn oníbàárà rẹ̀ ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi lójú títì, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè rẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn nìyẹn.

Ìgbà tó ka ìwé wolé-wolé tán, ó pa á pọ̀, ó fi sábẹ́ itan. Ó ní, "Gbé àpótí irinṣẹ́ mi wá."

Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká pe ẹlòmíì, kí ẹ̀yin máa darí ẹ̀."

"Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Èmi tí mo fi fáànù sí kíṣìnnì ìdajì ìlú yìí, ṣé tìyàwó mi ni ẹlòmíì máa wá bá mi ṣe?"

Lọ́jọ́ kejì, ó dá fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì fá a, ó sì fi abẹ géra rẹ̀ níbi méjì. Inú mi dùn débi pé mo lọ sunkún nídìí ìkòkò ìrẹsì. Nígbà tó wọlé bá mi, mo ní èéfín ni.

Àkọ́bí wa obìnrin, tó máa ń wá wò wá nírọ̀lẹ́ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò fara mọ́ ọn rárá. Ó fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Màámi, ẹ pe ọmọọṣẹ́ wọn àtijọ́. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ báyìí. Ọjọ́ kan péré ló máa fi ṣe é. Tí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa ńkọ́?"

"Tí mo bá pè é, bàbá rẹ ò ní dìde lórí àga yẹn mọ́."

"Ẹ ò lè máa gbé wọn bí ẹyin."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí ẹyin tí mo fọ́."

Nígbà tó tún wá, ó fún mi ní tépù tuntun. Mo rì í mọ́ inú àpò ìyẹ̀fun kí bàbá rẹ̀ má bàa rí i. Ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní lọ́dọ̀ mi: bí fáànù náà ò bá ṣiṣẹ́, ilé ìdáná lọ, bí mo bá sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọkọ mi, òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí méjèèjì dúró.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wo ògiri náà kó tó fọwọ́ kan òòlù. Nínú, òpó kọnkéré tó gbé àtẹ̀gùn ró wà lápá ọ̀tún. Lóde, páìpù omi ìdọ̀tí tó ń ti òkè bọ̀ dí ibi tó pọ̀ jù. Alábòójútó ilé sì ti sọ pé ihò kan ṣoṣo lòun fọwọ́ sí. Ọkọ mi wá ibi tó ṣófo nínú tó sì ṣófo lóde títí ó fi rí i.

Ó ní, "Ọwọ́ mẹ́rin láti ara páìpù omi. Páìpù kan náà ló wà nínú tó wà lóde. Ibi tí ọwọ́ mẹ́rin bá bọ́ sí lóde náà ló máa bọ́ sí nínú."

Nítorí pé ògiri nípọn, ó ní òun máa gbẹ́ ìdajì láti ìta, òun á sì gbẹ́ ìdajì tó kù láti inú, kí wọ́n pàdé láàárín. Ìta ló kọ́kọ́ ṣe, kí eruku má bàa kó sínú oúnjẹ. Mo yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀yìnkùlé. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún tó ká kò di ṣísẹ́lì mú bí ẹ̀mú, ó sì ń fi ọwọ́ òsì lu òòlù. Ó ń súfèé. Mi ò gbọ́ ìfé yẹn láti bí ọdún kan. Mo dúró gbọ́ ọ títí ọbẹ̀ fi fẹ́ jóná, mo sì sọ nínú ara mi pé ọwọ́ òsì ló wá di ọ̀gá báyìí.

Lọ́jọ́bọ̀, ó wọlé wá fi àmì sí inú. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gé àlùbọ́sà. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, ó ń kà á sókè: "Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin." Lẹ́yìn náà ló gbé ẹnu páìpù páànù tí èéfín máa gbà jáde sí ògiri, ó fi pẹ́ńsù yí i ká. Ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára ọmọńdinrín rẹ̀. Kò nà débi tó máa ń nà dé. Ó tẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ fi ìka pe ọmọdé. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló fẹ́ gbẹ́ ẹ, nítorí pé ọjọ́ Ẹtì ló máa ń lọ sí ọsibítù níbi tí wọ́n ti ń bá a na ìka. Bó ṣe jáde báyìí, mo ki ọwọ́ bọ inú ìyẹ̀fun, mo yọ tépù. Láti ara páìpù omi dé àárín àmì rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n íǹṣì. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́rin jẹ́. Mẹ́rìndínlógójì ni. Ọwọ́ ọkọ mi ti kúrú ní íǹṣì kan àbọ̀, kò sì mọ̀.

Mo wá ro tìta. Ọwọ́ òsì tí mo rí tó ń lu òòlù, tí kò ṣàìsàn, mo gbà pé òun náà ló fi wọn ìta. Ìyẹn á pé mẹ́rìndínlógójì. Ihò méjèèjì ò ní pàdé.

Bí mo bá fẹ́ sọ fún un, gbólóhùn kan ni mo ní láti sọ: Bàbá wọn, ọwọ́ yín ti kúrú. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu nígbà tí mo dá wà, kò ṣeé sọ. Mo rí i lójú mi bó ṣe máa wo ọwọ́ náà, bó ṣe máa gbé e sórí itan, bó ṣe máa padà lọ sórí àga rẹ̀. Ni mo bá rẹ àkísà sínú omi ọṣẹ, mo nu àmì rẹ̀ kúrò. Mo gbé ẹnu páìpù páànù sí mẹ́rìndínlógójì, mo fa ìlà yí i ká. Àmì tirẹ̀ ní ìrù kékeré níbi tí pẹ́ńsù ti fò mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo fa ìrù náà sí temi. Ó sún mọ́ òpó kọnkéré ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n mo gba tépù gbọ́.

Láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mo lè jáde lọ fi tépù wọn ìta. Mi ò lọ. Ọ̀sán ti ń kanrí, abọ́ méjìlélógójì ń dúró dè mí, ó sì dá mi lójú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ mi dúró níwájú àmì náà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè sí ìdí páìpù bí ẹni tó fẹ́ tún un wọ̀n. Ó wo ọwọ́ náà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Mo ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó mú ṣísẹ́lì.

Ó gbẹ́ ẹ títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé ni wolé-wolé ń bọ̀. Nígbà tó rò pé ó ti yẹ kó já, ó ní kí n fún òun ní igi ọwọ̀. Ó tì í sínú ihò, ó kan ògiri. Ó jáde, ó ti igi náà bọ ihò ìta, ó ní kí n máa kan ògiri láti inú kóun máa gbọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wọlé padà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù.

"Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin."

Ẹ̀ẹ̀kẹrin náà parí sí ara ògiri dídán, níbi tí kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó tó gbé ọwọ́ karùn-ún lé e ni ìka rẹ̀ tó wọ àárín ihò. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ìyá wọn, mélòó ni mo kà lọ́jọ́bọ̀?"

"Mẹ́rin ni."

"Mo ka mẹ́rin, mo wá fi àmì sí márùn-ún." Ó rọra jókòó sórí sílíńdà gáàsì. "Mo rò pé ọwọ́ nìkan ni àrùn yìí mú."

Ìgbà náà ni ó yé mi. Ọwọ́ ọ̀tún náà ló fi wọn ìta. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ́ ìyàwó ọkùnrin yìí, mi ò rí i kó fi ọwọ́ òsì wọn nǹkan rí. Kí ló dé tó fi máa bẹ̀rẹ̀ báyìí? Bí ọwọ́ náà ṣe kúrú tó, òun náà ló wọn inú, òun náà ló wọn ìta, ihò méjèèjì ì bá sì pàdé bí ẹnu àti ìdérí. Tépù mi ló yà wọ́n. Ojú àgbà ni mo fi ń wo ara mi tẹ́lẹ̀. Mo gọ̀ ju ìkòkò lọ.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká fẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á pàdé."

A fẹ̀ ẹ́. Ògiri sán láti ìdí òpó, ó sán lọ sókè dé abẹ́ àtẹ̀gùn, iyẹ̀pẹ̀ sì ń dà sínú ìkòkò mi. Ẹnì kan lókè ké pe alábòójútó ilé. Ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó wo ibi tó sán náà, ó wo ihò méjèèjì.

"Ihò kan ni mo ní kẹ́ ẹ lu. Ẹ fi òòlù yẹn sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kan ògiri yìí mọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀yin, ì báà jẹ́ ẹlòmíì. Ilé èèyàn mẹ́rìndínlógún ló wà lórí ẹ̀."

Ojú ọ̀nà kékeré kan ti là láàárín ihò méjèèjì, kò tó kí ọwọ́ méjì gbà á. Ọkọ mi tẹ páìpù páànù náà pẹlẹbẹ, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú ògiri, ó fi sìmẹ́ǹtì dí i. Ó gbé fáànù sí i, ó so wáyà rẹ̀. Iṣẹ́ wáyà náà mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo tan súìṣì, fáànù bú bí mọ́tò tó ń gun òkè, ṣùgbọ́n èéfín àlùbọ́sà mi dúró síbi tó wà, ó ń wò wá.

Wolé-wolé dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó yọ bébà kan nínú fáìlì rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu fáànù. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ fa bébà náà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ó jábọ́ sínú agbada. Ó mú un, ó nù ún, ó tún gbé e síbẹ̀, ó tún jábọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀ mí.

"Mà, ta ló bá yín ṣe é?"

Ọkọ mi fi ọwọ́ ti ògiri, ó nàró débi tí òrùlé gbà á. "Èmi ni. Ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti kékeré ni, ṣùgbọ́n orí mi ò pé mọ́. Mi ò lè ka ọ̀kan dé márùn-ún. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má bàa rò pé òun ló ṣàìgbọràn."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kọ ọ́, ọmọ mi."

Ó lẹ bébà pupa mọ́ ilẹ̀kùn mi, ó sì ṣàlàyé pé bí ìwé àṣẹ alábòójútó ilé láti lu ihò míì kò bá sí, kò sí bóun ṣe lè ṣí ibẹ̀. Alábòójútó ilé ti sọ tirẹ̀. Àwọn ará ilé iṣẹ́ aránṣọ dé lọ́sàn-án, wọ́n ka bébà náà, wọ́n yà sí ọ̀nà ibòmíì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, mo gbé tépù wá, ìyẹ̀fun ṣì wà lára rẹ̀, mo gbé e lé ọkọ mi lórí itan. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: bí mo ṣe wo ìka rẹ̀, bí mo ṣe nu àmì rẹ̀ kúrò, bí mo ṣe fa ìrù sí temi. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì í, orí rẹ̀ kò ṣì í, èmi ni mo bà á jẹ́. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ara ń fúyẹ́ mi, nítorí mo rò pé mo ń dá orí rẹ̀ padà fún un.

Ó gbọ́ mi dópin. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "O ṣeun, ìyá wọn."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣeun. Èmi ni mo pa àmì yín rẹ́."

"O ní ẹnu mi ò wọ́. Mo ní dígí. O ní àwọn oníbàárà ń béèrè mi. Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo mọ ìdí tó o fi ń sọ gbogbo ẹ̀, mi ò bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n èyí, má fi kún un. Ó pọ̀ jù."

"Ẹ jẹ́ ká jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fi ọwọ́ yín wọn ìta. Ẹ máa rí i pé mẹ́rin ni."

"Tí mo bá wọ̀n ọ́n ńkọ́? Ta ló máa sọ fún mi pé mẹ́rin ni mo kà?"

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi gan-an ni mo ti fi irọ́ kún ọjà náà láti oṣù mọ́kànlá, mi ò wá ríbi gbé òtítọ́ kalẹ̀. Nígbà tí àkọ́bí wa dé nírọ̀lẹ́, mo tún un rò fún un lójú bàbá rẹ̀, kí ó lè bá mi jẹ́rìí. Ó wo tépù, ó wò mí, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó tẹ̀ mí léjìká, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi." Mo mọ̀ pé òun náà rò pé mò ń bo bàbá òun láṣìírí ni.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wá gbé àpótí irinṣẹ́ lọ. Ọkọ mi ló ránṣẹ́ pè é. Kì í fá irùngbọ̀n mọ́ àfi kí n fá a fún un. Kò dá bọ́tìnnì dè mọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè dè é. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun ò ní fo ọ̀kan.

Láàárọ̀ yìí, ó da oògùn rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí n ka iye rẹ̀ fún òun. Mo ní mẹ́ta ni. Mẹ́ta náà sì ni. Ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá fi àwo bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó ní òun máa dúró de ọmọ wa kó dé wá kà á.